Wi-Fi Wà, Ayélujára Kò Sí

Nígbà tí a wà ní kékeré, àìsàn kan ṣoṣo ló wà ní ilé wa, ibà ni orúkọ rẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, ibà ni. Bí inú bá ń run ún, ibà ló fà á. Bí àgbàlagbà bá jí láàárọ̀ tí ara rẹ̀ wúwo, wọn a ní ibà ti tún dé. Oògùn kan náà ni wọ́n sì ń rà fún gbogbo rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kan náà. Irú ọwọ́ yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa fi mú ẹ̀rọ ayélujára inú ilé lónìí. Fídíò kò ṣí, a ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Ohùn ń já nínú ìpè, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Owó tí a fi ránṣẹ́ kò dé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni. Oògùn tí a sì mọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: kí á tún dátà rà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Ìbàdàn, ra oògùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan. Iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi máa ń kọ́ ọmọ mẹ́fà ní èdè Yorùbá lórí ayélujára. Ìlú London ni àwọn ọmọ náà wà. Àwọn òbí wọn ni kò fẹ́ kí èdè náà kú mọ́ wọn lẹ́nu. Owó iṣẹ́ yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tiwọn níhìn-ín. Lọ́sẹ̀ kẹta tí kíláàsì ń dàrú, òbí kan yọ ọmọ rẹ̀ kúrò láìdágbére. Òmíràn kọ̀wé pé bí ó bá tún rí báyìí ní Sátidé tó ń bọ̀, òun yóò wá olùkọ́ mìíràn. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Wọ́n ní, "Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí kíláàsì bá ń dàrú, ta ni kì í rí ẹnì kejì? Ṣé ẹ̀yin ni ẹ kì í rí àwọn ọmọ, àbí àwọn ọmọ ni kì í rí yín?"

Wọ́n ní, "Èmi ń rí wọn kedere, mo sì ń gbọ́ wọn. Àwọn ni wọ́n máa ń sọ pé, 'Àǹtí, ojú yín ti dúró sójú kan.'"

Ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí n fura pé dátà kọ́ ni kò tó. Èdè Yorùbá ni mo kọ́ ní yunifásítì, n kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi ìwé kíkọ jẹun láti inú ilé yóò kọ́ nípa ẹ̀rọ ní tipátipá. Ohun tí mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, pẹ̀lú ohun tí a bá nílé wọn nígbà tí mo débẹ̀.

Wi-Fi ni kí á fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Wi-Fi kì í ṣe ayélujára. Ọ̀nà kúkúrú kan ni, láti ara fóònù yín dé ara àpótí kékeré tí a ń pè ní ráútà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá àyíká ilé. Orúkọ náà gan-an kò ní ìtumọ̀ kankan. Ní ọdún 1999, àwọn tó fẹ́ kí ará ilé máa ra ẹ̀rọ náà gbé iṣẹ́ orúkọ rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń sọ ọjà lórúkọ, nítorí pé orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fún un, IEEE 802.11, kò ṣeé pè lẹ́nu. Ẹ ṣe ìdánwò kan fúnra yín. Bí ráútà yín bá jẹ́ oní-síìmù, ẹ yọ síìmù inú rẹ̀, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì wo òkè fóònù yín. Àmì Wi-Fi yóò ṣì kún, bóyá pẹ̀lú àmì ìyanu kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí àmì yẹn ń sọ kò ju pé fóònù ń gbọ́ ohùn ráútà dáadáa lọ. Bóyá ráútà fúnra rẹ̀ ń gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni níta, ìyẹn kò sí nínú ohun tí àmì náà ń wọ̀n.

Ráútà ni oníbodè. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú yóò gba ẹnu ibodè kọjá, oníbodè ni yóò sì mọ ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀rọ inú ilé, fóònù, kọ̀ǹpútà, tẹlifíṣọ̀n, ṣe ń gba ọ̀dọ̀ ráútà jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ilé, èkejì wà níta. Ẹsẹ̀ ti inú ilé ni Wi-Fi. Ẹsẹ̀ ti ìta yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Àwọn kan ní wáyà fíbà tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé. Àwọn kan, bí ẹ̀gbọ́n mi, ní síìmù nínú ráútà, tí ó ń bá òpó gogoro ilé iṣẹ́ tẹlifóònù sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí fóònù ṣe ń ṣe. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni àwọn mìíràn ní Nàìjíríà sì ti ń gbé abọ́ Starlink sórí òrùlé, kí ó lè máa bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ lójú ọ̀run. MiFi tí a ń fi sápò àti hotspot tí a ń ṣí lórí fóònù, ráútà kékeré ni àwọn náà. Fóònù tó ṣí hotspot ti di oníbodè fún àwọn yòókù nìyẹn. Abájọ tí bátìrì rẹ̀ fi ń yára tán.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì kò dára, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún. Ẹ gbé fóònù yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ ráútà gan-an, kí ẹ gbìyànjú ohun tí kò ṣí nínú yàrá. Bí ó bá ṣí níbẹ̀, ẹsẹ̀ ti inú ilé ni: ògiri tàbí jíjìn ló ń dínà mọ́ Wi-Fi. Bí kò bá ṣí níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ pa Wi-Fi fóònù yín, kí ẹ lo dátà orí fóònù fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá wá ṣí, ẹsẹ̀ ti ìta ni. Ìdánwò méjì yìí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Àwọn tó ní fíbà tún ní àǹfààní kan sí i: iná kékeré kan wà lára àpótí wọn tí wọ́n kọ LOS sí. Bí iná náà bá pọ́n tí ó ń ṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ kò wọlé láti ìta mọ́. Ẹ má ṣe da ara yín láàmú pẹ̀lú títan àti pípa. Ilé iṣẹ́ tó fà á wọlé ni kí ẹ pè, kí ẹ sì sọ fún wọn pé LOS ti pọ́n. Ẹ ó rí i pé ohùn wọn yóò yípadà nígbà tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu oníbàárà.

Oníbodè kò lè ṣiṣẹ́ láìsí àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì IP ni nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí iṣẹ́ tí a rán sí i má bàa ṣìnà. Bí ẹ bá wo inú Settings fóònù yín, ẹ lè bá 192.168.0.5 níbẹ̀, ọ̀rẹ́ yín ní Abẹ́òkúta sì lè bá nọ́ńbà yẹn gan-an lórí tirẹ̀. Èyí kò da nǹkan rú. Ẹ rántí agboolé. Kò sí agboolé tí kò ní yàrá ọwọ́ ọ̀tún, kò sì sí ẹni tó ń kọ "yàrá ọwọ́ ọ̀tún" sẹ́yìn lẹ́tà tó ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè. Orúkọ agboolé ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ará ilé ló mọ ẹni tó ni ín. Àwọn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 jẹ́ orúkọ yàrá. Ìlò inú ilé nìkan ni wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ fún, wọn kò sì ní ìtumọ̀ níta. Níta, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni gbogbo agboolé ń jẹ́, ráútà ló sì ń rántí pé fóònù Ìyá ló béèrè fún fídíò yìí, kọ̀ǹpútà Bàbá ló béèrè fún ìwé ìròyìn yẹn. Iṣẹ́ ìrántí yìí ni wọ́n ń pè ní NAT.

Ohun tó fa gbogbo wàhálà yìí ni pé nọ́ńbà kò tó. Ìlànà àdírẹ́sì àtijọ́, IPv4, ní nọ́ńbà 4,294,967,296 péré. Àwa ènìyàn inú ayé ti ju bílíọ̀nù 8 lọ, ẹlòmíràn sì ní fóònù méjì àti kọ̀ǹpútà kan. Ìlànà tuntun, IPv6, ní nọ́ńbà tí a kò lè ná tán, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ayé ń kó lọ sínú rẹ̀.

Ráútà náà ló ń pín orúkọ yàrá fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé. DHCP ni orúkọ iṣẹ́ yẹn. Bí ẹ bá rí i lórí kọ̀ǹpútà yín pé àdírẹ́sì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà béèrè yàrá lọ́wọ́ oníbodè, oníbodè kò dáhùn, ó wá lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé fúnra rẹ̀. Ẹ pa ráútà, ẹ ka ọgbọ̀n, ẹ tún un tàn. Ọ̀kan nìyí lára àwọn ibi tí "ẹ pa á kí ẹ tún un tàn" ti jẹ́ ìmọ̀ràn tó nídìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣẹ́ tó fẹ́ yára gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé orí dátà, nítorí ibẹ̀ ni owó ẹ̀gbọ́n mi ti ṣègbé. Oríṣi nọ́ńbà méjì ni àwọn tó ń ta ayélujára ń kọ sára ọjà wọn, àwa oníbàárà sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Èkíní ni GB. Ìyẹn ni bí omi inú táǹkì ṣe pọ̀ tó. Èkejì ni Mbps. Ìyẹn ni bí páìpù ṣe fẹ̀ tó. Bí omi bá ń kán tó-tó-tó lẹ́nu ẹ̀rọ yín, tí ẹ wá lọ ra táǹkì ńlá sí i, omi yóò pọ̀ lórí òrùlé, yóò sì tún máa kán tó-tó-tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní 40 GB, wọ́n ra 40 GB mìíràn lé e, lẹ́yìn náà wọ́n ra 100. Kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó fi ìka kan kún fífẹ̀ páìpù. Ẹni tó tà á fún wọn kò sì sọ fún wọn. N kò dá a lẹ́bi púpọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó tà.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà b kékeré àti B ńlá pẹ̀lú. B ńlá kan jẹ́ b kékeré mẹ́jọ. Páìpù 40 Mbps kò lè gbé ju 5 MB lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà fíìmù tó tó 1 GB yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta ó lé díẹ̀ kó tó wọlé tán, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé. Ẹni tó rò pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni yóò gbà á yóò ní wọ́n ti rẹ́ òun jẹ.

Páìpù náà ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan ń gbé nǹkan wọlé, ọ̀kan ń gbé nǹkan jáde. Nígbà tí a bá ń wo fídíò, èyí tó ń wọlé ni à ń lò. Nígbà tí a bá ń kọ́ni nínú fídíò, èyí tó ń jáde ló ń gbé ojú àti ohùn wa lọ. Lọ́pọ̀ ilé, páìpù àbájáde kéré jọjọ sí èkejì. Fún ráútà tó ń bá òpó sọ̀rọ̀, ìdí kan wà tó rọrùn láti rí. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ẹnì kan dúró lórí òkè Mápó pẹ̀lú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, tí ẹ̀yin wà nísàlẹ̀ láàárín ọjà, tí ẹ kò ní nǹkankan lọ́wọ́. Ẹ ó gbọ́ gbogbo ohun tó bá sọ. Òun kò ní gbọ́ yín. Agbára òpó pọ̀, agbára ráútà kékeré kò tó nǹkan. Bí ráútà bá wá wà ní ibi tó fara sin, ohùn òpó lè ṣì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ yóò kú sáàárín ọ̀nà. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń rí àwọn ọmọ tí àwọn ọmọ kò rí wọn.

Àwọn ìkànnì tí a fi ń dán ìyára wò máa ń fi nọ́ńbà mẹ́ta hàn: ti ìwọlé, ti àbájáde, àti ping. Ping ni iye àkókò tí iṣẹ́ kékeré kan fi ń lọ tí ó sì fi ń padà. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á. Ẹni tó ń wo fíìmù kò ní mọ̀ bí ó bá ga. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yóò mọ̀: bí ó bá ti ń kọjá 200 lọ, ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yóò máa já lu ọ̀rọ̀ ara yín, olúkúlùkù yóò sì rò pé ẹnì kejì kò ní sùúrù.

Ọjọ́bọ̀ ni mo dé Ìbàdàn. Mo bá ráútà ní pálọ̀ ìsàlẹ̀, láàárín fíríìjì àti ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì tí ó ń gba iná láti ara inverter wà. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, ráútà kì í kú. Ọgbọ́n rere ni, àmọ́ irin ni fíríìjì, irin sì jẹ́ ọ̀tá ìgbì rédíò. Yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń kọ́ni wà lẹ́yìn ògiri búlọ́ọ̀kù méjì. Mo tẹ 192.168.8.1 sínú kọ̀ǹpútà, ojú ewé ráútà sì ṣí. (Àdírẹ́sì yìí lè jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 lára tiyín. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.) Níbẹ̀ ni a ti rí nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní RSRP, tó ń sọ bí ohùn òpó ṣe ń dé sí. Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo ni. Bí ó bá ṣe súnmọ́ òdo sí ni ó ṣe dára sí. Ti ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ -114. A dán ìyára wò: 7 Mbps ló ń wọlé, 0.3 ló ń jáde. Kíláàsì onífídíò ń fẹ́ tó 1 Mbps lọ́nà àbájáde kí ojú olùkọ́ tó lè mọ́ kedere.

A gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, sí ẹ̀bá fèrèsé tó kọjú sí òpó, a fi wáyà gígùn fa iná inverter dé ibẹ̀. RSRP di -94. Ẹ má fojú kéré 20 yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà náà, ó túmọ̀ sí pé agbára ohùn òpó ti di ìlọ́po 100. Ìyára ìwọlé di 22, ti àbájáde di 3. A gbé tábìlì ìkọ́ni lọ sókè pẹ̀lú, mo sì fi wáyà Ethernet so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tààrà. Irú wáyà yẹn lè gùn tó 100 mítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà, kò sì sí ògiri tó lè dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ tí kò gbọ́dọ̀ já kò yẹ kó gbẹ́kẹ̀ lé Wi-Fi bí ọwọ́ rẹ̀ bá lè tó wáyà. Bí ó bá sì jẹ́ Wi-Fi ni ẹ ní, tí ráútà yín ń fi orúkọ méjì hàn, 2.4 GHz ló máa ń la ògiri kọjá dáadáa, 5 GHz ló yára jù fún ẹni tó jókòó sí tòsí.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, a tún dán an wò, ìyára àbájáde ti wálẹ̀ sí 0.9. Mo padà sójú ewé ráútà, mo wo àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé ilé yẹn, ẹ̀rọ márùn-ún ni wọ́n ní. A ka mọ́kànlá.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé Wi-Fi náà ni nọ́ńbà fóònù ẹ̀gbọ́n mi, ó sì wà lára ògiri pálọ̀, kí àlejò má bàa máa béèrè. A yí i padà. Ẹ̀rọ mẹ́fà kò rí ọ̀nà wọlé mọ́. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn: ọmọkùnrin ilé kejì ni, ọmọ ọdún bíi mẹ́rìndínlógún. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́ mà. Àǹtí, Wi-Fi yín ò ṣiṣẹ́ mọ́ o. Mo ní kí n wá sọ fún yín." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Fóònù ọmọ náà máa ń kó gbogbo fọ́tò àti fídíò rẹ̀ lọ pamọ́ sórí ayélujára nígbàkúùgbà tó bá ti rí Wi-Fi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló sì ń ya fídíò bọ́ọ̀lù. Páìpù àbájáde tó ti há tẹ́lẹ̀ ni ó ń kó wọn gbà.

Èmi ní kí ẹ̀gbọ́n mi má fún un ní ọ̀rọ̀ tuntun náà. Wọ́n ní ta ni yóò wá máa bá àwọn wo ọmọ lọ́jọ́ tí àwọn bá pẹ́ lọ́jà, ṣé kì í ṣe ìyá rẹ̀? Wọ́n jàre. A wá ṣí ohun tí wọ́n ń pè ní guest network: Wi-Fi kejì, tó ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, tí àlejò lè lò láìdé ibi tí ẹ̀rọ onílé wà. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi yóò pa á. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀, wọn yóò tún un ṣí. Ọmọ náà mọ̀, ó sì gbà.

Ẹlòmíràn lè ní kí á kàn dí fóònù aládùúgbò lọ́nà nípa nọ́ńbà MAC rẹ̀, ìyẹn orúkọ oníkóòdù 12 tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ fún un. Kò ràn án mọ́. Fóònù òde òní máa ń ti orúkọ yẹn pamọ́, á fi orúkọ mìíràn wọlé. Ọ̀rọ̀ ìwọlé tó gùn, tí kì í ṣe nọ́ńbà fóònù, tí kì í ṣe ọjọ́ ìbí, ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tí ẹ bá ti ń yí i padà, ẹ ó rí WPA2 tàbí WPA3. WPA3 ni ẹ mú bí ẹ̀rọ yín bá gbà á, WPA2 bí kò bá gbà á. Bí ó bá jẹ́ WEP ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn yín ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé kejì tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà: èyí tí a fi ń wọ ojú ewé ráútà fúnra rẹ̀. Lára ti ẹ̀gbọ́n mi, admin ni orúkọ, admin ni ọ̀rọ̀ ìwọlé, bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí a rí. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lè sọ fún oníbodè pé, bí wọ́n bá béèrè ilé ìfowópamọ́, ilé olè ni kí o júwe fún wọn.

Júwe-júwe yẹn ní orúkọ, DNS. Bí ẹ bá tẹ orúkọ ìkànnì kan, ẹ̀rọ kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ ilé, bí àlejò ṣe ń dúró ní Bẹẹrẹ tí ó ń béèrè ọ̀nà. Paul Mockapetris ló gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Nígbà mìíràn ọ̀nà dára, afinimọ̀nà ni kò sí nílé. Ẹ fi ping dán 1.1.1.1 wò lórí kọ̀ǹpútà. Bí ó bá dáhùn, tí àwọn orúkọ ìkànnì kò ṣí, DNS ni. Lójú ewé ráútà, ẹ lè fi 1.1.1.1 tàbí 8.8.8.8 ti Google rọ́pò afinimọ̀nà tí ilé iṣẹ́ yín fún yín.

Àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí ohun tí onílé lè ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ilé ìfowópamọ́ ni oníbàárà wọn kò rí owó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ènìyàn ń pa ráútà, wọ́n ń tàn án, wọ́n ń ra dátà.

Ní Sátidé, kíláàsì bẹ̀rẹ̀ láago márùn-ún. Mo jókòó sí ẹ̀yìn tábìlì níbi tí kámẹ́rà kò ti lè rí mi. Ọmọ márùn-ún ló wọlé. Ẹni tí wọ́n yọ kúrò kò padà. Ọ̀kan nínú wọn ń ka oríkì rẹ̀ sókè, ó ṣì í pè, ẹ̀gbọ́n mi tún un ṣe fún un, ó tún un kà. Lọ́jọ́ kejì, ìyá tó kọ̀wé lọ́jọ́sí san owó oṣù tó ń bọ̀. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́ ọn. Ráútà ṣì wà lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n mi ti ta aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sójú fèrèsé náà, nítorí oòrùn ọ̀sán.